Fóònù Tó Ń Kíni Títí Ọmọ Fi Dé

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, ikùn mi ni mo sì fi ṣe tábìlì. Kì í ṣe àwàdà. Oyún oṣù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìwé ńlá ààfin sì jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bí ọmọ bá ti tàpá, báírò mi á fò láti orí ìlà kan bọ́ sórí èkejì. Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Kábíyèsí jókòó, Ọ̀tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìjòyè yòókù jókòó, fáànù òkè ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Péńtà ló pe ẹjọ́, ẹni tó kun gbogbo ògiri ààfin yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Kọ̀ǹpútà, nítorí òun ló ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, òun náà ló sì ṣe áàpù Agbẹ̀bí.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: agbẹ̀bí kan ṣoṣo la ní. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la bà á jẹ́. Ẹni tí ehín ń dùn ń pè é. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ kò jẹun ń pè é. Ẹnì kan tilẹ̀ pè é kó wá bá òun dá sí ọ̀rọ̀ òun àti àbúrò òun. Ó pa nọ́ńbà náà tì. Ni Kọ̀ǹpútà bá ṣe áàpù fún un. Bí ìrọbí bá dé, wàá ṣí áàpù lórí fóònù rẹ, bọ́tìnì pupa kan á yọ, wàá tẹ̀ ẹ́, aago á dún nílé Agbẹ̀bí, yóò sì rí ilé tí wọ́n ti ń pè é. Ó dára, ó rọrùn. Àárín ìgbà tí o ṣí i àti ìgbà tí bọ́tìnì yọ, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Kì í ṣe akọ̀wé nìkan ni mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mi ti pé. Áàpù yẹn wà lórí fóònù ọkọ mi, àyà mi kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Péńtà. Ohunkóhun tí Kábíyèsí bá dá, èmi ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Kábíyèsí ní kí Péńtà rojọ́.

"Kábíyèsí, mo gbẹ̀bí," ni Péńtà wí.

"Ìwọ?"

"Èmi yìí, Kábíyèsí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbà á. Àti ọ̀dà."

"Ọ̀dà wo?"

"Búlúù."

Ó ní yàrá ọmọ lòun ń kùn lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà, òun wà lórí àkàbà, ni ìyàwó òun bá kígbe láti pálọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ bá a. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀dà títí dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí náà ìyá ìyàwó rẹ̀ ló mú fóònù, ìyẹn ló ṣí áàpù.

"Ṣé bọ́tìnì yọ?" ni Kábíyèsí bi í.

"Bọ́tìnì kọ́ ló yọ. Àwòrán màmá kan tó ń rẹ́rìn-ín ló yọ, ó bo gbogbo ojú fóònù. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀ o.' Ọ̀sán gangan ni, Kábíyèsí. Mo dúró. Ó ní, 'Ẹ kú ìgbà yìí.' Mo dúró. Ó ní, 'Ṣé dáadáa ni?' Ìyàwó mi dì mí lẹ́wù mú, ó ń pariwo gbogbo orúkọ tó mọ̀, fóònù ń bi mí pé ṣé dáadáa ni."

"Kí lo wá dá a lóhùn?" ni Ọ̀tún bèèrè.

"Bàbá, mi ò dá a lóhùn."

"Ìyẹn ò dáa," ni Ọ̀tún wí, ó sì mi orí.

Péńtà ní fóònù tún béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ìyá, ó béèrè bàbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń lọ. Ìgbà tí yóò fi béèrè pé "Ọmọ ńkọ́?", ọmọ ti wà lọ́wọ́ òun.

Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà, ẹ̀rí wà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ náà wá síwájú, ó ṣí aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, wọ́n sì ti ń fi òróró nù ún láràárọ̀, síbẹ̀ ìka márùn-ún ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀, búlúù, kedere. Kábíyèsí fi gíláàsì sójú, ó ka ìka náà, ó ní kí Péńtà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu. Ọmọ ń sùn, kò ka ààfin sí.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tọrọ àyè láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá ti lóyún rí mọ̀ pé kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ààfin kò jìnnà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló là wá láàárín, bí ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ bá ṣí, èèyàn á máa wò ó láti orí ìjókòó. Mo lọ, mo bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ní kí Kọ̀ǹpútà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Kábíyèsí, mi ò jẹ̀bi. Ọmọ yẹn ló yá jù."

"Báwo ló ṣe yá jù?"

"Àwòrán ìkíni yẹn, ogójì sẹ́kọ́ńdù péré ni. Ọmọ tó ti wà níbì kan fún oṣù mẹ́sàn-án láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kánjú, ogójì sẹ́kọ́ńdù ló wá le fún un?"

Kábíyèsí wò ó díẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́ tó dúró ti ìkòkò omi. "Ẹ fún un lómi. Ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ."

Wọ́n bu ife omi kan fún Kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó mu ún tán. Gbogbo wa rò pé inú rere ni.

"Àti pé, Kábíyèsí," ni Kọ̀ǹpútà tún wí, ara rẹ̀ ti ń yá, "áàpù béèrè ọmọ, ọmọ dáhùn. Péńtà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Áàpù wo ló tún wà láyé tó máa béèrè ọmọ tí ọmọ máa jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀?"

"Ẹ fún un lómi sí i," ni Kábíyèsí wí.

Ó mu ìyẹn náà. Kábíyèsí wá fẹ̀yìn ti àga, ó ní òun fẹ́ kó ṣàlàyé nǹkan kan fún òun, nítorí pé òun kò mọ̀wé ẹ̀rọ.

"Ogójì sẹ́kọ́ńdù yẹn, kí ni áàpù ń ṣe nínú rẹ̀? Ṣé ó ń wá ibi tí Agbẹ̀bí wà ni?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ó ń wá bọ́tìnì?"

"Bọ́tìnì ti wà nílẹ̀. Kí sẹ́kọ́ńdù kan tó pé, gbogbo rẹ̀ ti jí."

"Kí ló wá ń ṣe ní mọ́kàndínlógójì tó kù?"

"Ó ń kíni."

"Bí mo bá ní mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì, kí n fi ìkíni sílẹ̀?"

"Kò ṣeé ṣe, Kábíyèsí. Mo ti dá àkókò fún un. Ìkíni mẹ́jọ, sẹ́kọ́ńdù márùn-ún márùn-ún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fò ó."

"Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ti ṣí, o wá mú èèyàn, o fi dí i."

"Èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín, Kábíyèsí."

"Omi," ni Kábíyèsí wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè wá béèrè ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ béèrè. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí Kọ̀ǹpútà kò yọ ìkíni náà kúrò? Kọ̀ǹpútà fọwọ́ nu ẹnu. Ó wo ilẹ̀, ó wo fáànù, ó wá wo ẹnu ọ̀nà.

"Ohùn tó wà nínú rẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn màmá mi."

Ìyá Tíṣà sì wọlé. Ó ti ń dúró níta kí wọ́n pe òun, kò fẹ́ jókòó láàárín ẹni tí kò tò. Obìnrin yìí ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, Kọ̀ǹpútà ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ìjòyè kan tí kò tíì ju ọgọ́ta ọdún lọ tí kò kọ́ ní a-b-d. Ó kọ́ èmi náà. Ó kọ́ Kábíyèsí nígbà tí Kábíyèsí ṣì jẹ́ ọmọ inú kíláàsì kẹta, ó sì nà án lọ́jọ́ kan tó kọjá lára rẹ̀ láì kí i. Ìtàn yẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nínú ààfin. Bó ṣe wọlé báyìí, gbogbo wa ló jókòó dáadáa. Mo ká ẹsẹ̀ mi jọ pẹ̀lú oyún mi.

"Ẹ káàsán, mà," ni Kábíyèsí wí. Kábíyèsí ló kọ́kọ́ kí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún fa ìlà sí i lábẹ́.

"Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní ohùn mi pẹ́," ni Ìyá Tíṣà wí.

"Kò pẹ́, mà," ni Kábíyèsí wí kíá.

Péńtà wo Kábíyèsí bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyá Tíṣà ní òun kò ní fi nǹkan kan pamọ́. Ọmọ òun gbé áàpù náà wá fún òun kí òun wò ó, òun ṣí i, bọ́tìnì pupa sì fò mọ́ òun lójú, kò kí òun, kò bèèrè àlàáfíà òun. Ó ní òun bi ọmọ náà bóyá bí òun ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kí ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde máa wọlé tọ àgbàlagbà bí ewúrẹ́. Òun jókòó, òun kọ ìkíni mẹ́jọ sílẹ̀, òun sì fi ẹnu ara òun kà á sínú ẹ̀rọ.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Kábíyèsí wí. Ó rọra ń wá ọ̀rọ̀. "Ẹni tó ń rọbí wá ńkọ́, mà, tí kò ráyè..."

"Ẹni tó ń rọbí kì í ṣe èèyàn? Kò yẹ ká kí i?"

"Ó yẹ, mà."

"Ìkíni ò pa èèyàn rí," ni Ọ̀tún wí. Ó ní ìkíni náà tiẹ̀ wu òun, òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ òun. Ó ní kí n kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí ìwé kan fún òun, kí n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba nítorí ojú òun. Mo kọ ọ́, ó ká a, ó fi í sápò.

Ẹlẹ́rìí tó kàn ni ìyá ìyàwó Péńtà. Mo rò pé yóò gbè sẹ́yìn ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní àwòrán náà kò pẹ́ rárá, ká tó ṣẹ́jú ló ti lọ.

"Màmá," ni Péńtà pè é.

"Jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn," ni Kábíyèsí wí. "Màmá, nígbà tí fóònù ń kí yín, kí lẹ̀yin ń ṣe?"

"Mo ń dá a lóhùn. Ohùn Ìyá Tíṣà ni. Ṣé kí n wá dákẹ́?"

"Ẹ dáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ?"

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo fo ọ̀kan. Ọmọ mi ló pariwo nígbà tó ń béèrè iṣẹ́, mi ò gbọ́ dáadáa."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo pa á, mo tún un ṣí."

"Nítorí kí ni?"

"Kó lè bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ṣé kí Ìyá Tíṣà máa wí kiri pé mi ò jẹ́ òun ni?"

"Ìgbà mélòó lẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

Péńtà yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Màmá. Nẹ́tíwọ̀kì lẹ sọ fún mi."

"Nẹ́tíwọ̀kì náà wà níbẹ̀," ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wí.

Ààfin da ẹ̀rín bolẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti tún jáde. Nígbà tí mo ń lọ, mo gbọ́ tí Kọ̀ǹpútà ń ké pé ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín, ogójì lòun ṣe, àwọn ló sọ ọ́ di ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó jẹ̀bi lọ jẹ̀bi níbi tó wà. Mo sì gbọ́ tí Kábíyèsí ní kí wọ́n fún un lómi, méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe jókòó padà, Kábíyèsí ń wò mí.

"Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì, Kábíyèsí. Ẹ forí jì mí."

"Kò ṣeé mú mọ́ra díẹ̀ ni?"

"Kò ṣeé mú mọ́ra, Kábíyèsí. Tó bá ti dé, ó dé náà ni."

Ó ní ká máa bá ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mọ ẹ̀rín tó ń pamọ́ sábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀ yẹn.

Agbẹ̀bí ló jẹ́rìí kẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú, tó máa ń wọ bàtà rọ́bà, tí kì í gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi kankan kó má fọ̀ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Wọ́n ń sọ nínú ìlú pé mo sùn lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò sùn lọ rí. Mo jókòó ti aago yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa fi dún, ọmọ ti ń ké. Kẹ̀kẹ́ mi gbé mi débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Péńtà ní òun rí okùn ìwọ́ lọ́rùn ọmọ, òun sì fi ìka yọ ọ́, òun rò pé bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Orí ló bá a ṣe é. Èmi ò lè máa fi orí ṣiṣẹ́, Kábíyèsí. Ìṣẹ́jú tí mo bá pàdánù, mi ò mọ ibi tí mo ti lè rà á. Ọmọ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ó wá yíjú, ó wo ikùn mi. Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ààfin bó ṣe rí: ẹ̀rù ba akọ̀wé.

Ìyá Tíṣà pàápàá ti ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n yọ ohùn òun kúrò, Kábíyèsí kò sì jẹ́ sọ fún un pé kó yọ ọ́. Ẹni tó nà ọ́ rí, agbára rẹ̀ kì í tán lára rẹ.

Ibẹ̀ ni Kọ̀ǹpútà ti nawọ́ sókè. Ó ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde díẹ̀."

"Sí ibo?"

"Ibi tí akọ̀wé ń lọ."

"Kò burú," ni Kábíyèsí wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Máa lọ. Ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáájú rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ààfin yìí náà lẹ́kọ̀ọ́, kò yẹ kó gba àlejò wọlé láì kí i. Ìwé yẹn ṣì wà lápò yín?"

Ọ̀tún ní ó wà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ gbayawu. Ọ̀tún rìn kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró gbọn-in sí àárín rẹ̀. Ó wá gíláàsì rẹ̀ lápò òsì, kò sí níbẹ̀. Ó wá a lápò ọ̀tún. Ó rí i, ó fẹ́ èémí sí i, ó nù ún. Kọ̀ǹpútà ń jó níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ọ̀tún kà.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Kọ̀ǹpútà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó rí i pé kò ní dáa, ó nà ró.

"Ẹ kú ìgbà yìí."

"Ẹ kú ìgbà yìí, sà."

"Ṣé dáadáa ni?"

"Kì í ṣe dáadáa, sà."

"Ilé ńkọ́?" Ọ̀tún sín. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ìwé rẹ̀. "Ibo ni mo kà dé?"

"Ilé, sà. Ilé lẹ kà dé. Iṣẹ́ ló kàn."

"Kò dá mi lójú. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, kó má dà bíi pé mo fo ọ̀kan."

"Bó ṣe yẹ nìyẹn," ni ìyá ìyàwó Péńtà wí láti orí ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ọ̀tún tún kà.

Kọ̀ǹpútà yíjú sí wa, òógùn bò ó. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n fò ó."

"Kò sí bí èèyàn ṣe lè fò ó," ni Kábíyèsí dá a lóhùn. "A ti dá àkókò fún un. Ṣùgbọ́n wò ó, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹnikẹ́ni kò tì í. Ọ̀tún nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín."

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ehín mẹ́ta tó kù hàn.

"Ẹ kú ìgbà yìí," ni ó kà.

"Màámi," ni Kọ̀ǹpútà ké. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni o. Ohùn ọmọ jéléósinmi ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Tíṣà dìde.

"Ọ̀tún, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ọmọ wọlé."

"Ẹ má bínú, mà," ni Kábíyèsí wí, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tó ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. "A ò tíì kí i tán. Ó ku 'ṣé dáadáa ni', ó ku ilé, ó ku iṣẹ́, ó ku ìyá, ó ku bàbá, ó ku ọmọ."

"Ẹni tí nǹkan ń lé, 'ẹ ǹ lẹ́' ti tó o. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ọ̀tún yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn gbá. A fún Kọ̀ǹpútà láyè, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ìyá Tíṣà ṣì wà lórí ìdúró. Ó ti gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó wo Agbẹ̀bí, ó wo ọmọ tí ìka búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá wò mí títí. Ojú tó fi ń wò wá ní kíláàsì tí ìṣirò tirẹ̀ bá ṣì lójú pátákó ló fi wò mí.

"Akọ̀wé, ṣé o ti kọ ohun tí mo sọ?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Ó dáa." Ó jókòó. "Ẹ dá ẹjọ́ yín, Kábíyèsí. Mo ti gbọ́."

Kábíyèsí dúró kí Kọ̀ǹpútà padà dé, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló dá ẹjọ́. Ó ní òun kò lè sọ pé ìkíni burú, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun rí kó jáde wá. Ibi tí wọ́n fi ìkíni jókòó sí ni kò dáa. A kì í kí ẹni tó ru ẹrù títí ọrùn rẹ̀ á fi ṣẹ́. A máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún un ná, ká tó béèrè ilé. Nítorí náà, Kọ̀ǹpútà kò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò ní ààfin títí yóò fi mú ìkíni náà kúrò níwájú bọ́tìnì. Kò gbọ́dọ̀ jù ú nù. Kó gbé e lọ sẹ́yìn, kó jẹ́ pé ìgbà tí Agbẹ̀bí bá tẹ̀ ẹ́ pé ọmọ ti dé láyọ̀ ni yóò tó kí ìdílé náà, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, pẹ̀lú "ẹ kú ewu ọmọ" níwájú rẹ̀. Níbẹ̀, bó bá wù ú kó kí wọn di ọ̀la.

Ti ìyà tún kù. Kábíyèsí ní fún ogójì ọjọ́, ilẹ̀kùn yòówù tí Kọ̀ǹpútà bá kàn, ẹni tó wà nínú ilé yóò kí i ní ìkíni mẹ́jọ kó tó ṣí i, títí kan ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀, títí kan èyí tí òjò bá ká a mọ́. Ó wá yíjú sí ìyá ìyàwó Péńtà, ó ní ìyẹn ni yóò kun apá tó kù nínú yàrá ọmọ, nítorí nẹ́tíwọ̀kì.

"Mi ò kun ilé rí, Kábíyèsí," ni obìnrin náà wí.

"Péńtà náà ò gbẹ̀bí rí," ni Kábíyèsí wí. Ibẹ̀ la ti tú ká.

Kọ̀ǹpútà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orúnkún, ó ṣe é. Ìlà méjì péré ló pa rẹ́. Ìgbà tí Ọ̀tún fi wá gíláàsì lápò kan pẹ́ jù ú lọ. Ó bẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Mo ní kò sí wàhálà. Mo bu omi fún un, kò gbà á.

Àná nìyẹn. Lónìí, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó mú mi.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi, kì í kánjú lójú títì, ṣùgbọ́n ó kánjú lónìí. Ó ṣí áàpù, bọ́tìnì pupa sì yọ kó tó mí. Ẹnu yà á débi pé ó dúró, ó ń retí ìkíni.

"Tẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ Agbẹ̀bí lójúde. Ó wọlé, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́," ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Mi ò ní sọ ìyókù, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ pé okùn ìwọ́ wà lọ́rùn ọmọ tèmi náà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ láti tú u.

Nígbà tí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tẹ fóònù rẹ̀. Fóònù ọkọ mi dún lórí àga, Ìyá Tíṣà yọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ló wí. "Ẹ káàárọ̀ o." Ọ̀sán ni, a ò bá a jà. Ọkọ mi dìde dúró, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní dáadáa ni, ó ní ilé wà, ó ní a dúpẹ́ fún iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n béèrè ìyá, ó wò mí, ó ní ó ń bẹ. Nígbà tí wọ́n béèrè bàbá, ó nàka sí ara rẹ̀, ó fi apá ẹ̀wù nu ojú.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ ńkọ́?" ni Ìyá Tíṣà wí. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ mi, ó sì dáhùn.